Ọjọ́ Tí A Lọ Kí Àwọn Káńsẹ́lọ̀ Kú Ìparí Iṣẹ́

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ oko láti Ọ̀tà dé Àtàn ti ń di ṣọ́ọ̀ṣì, yunifásítì náà sì ń yọ lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ń rí jẹ. Ìyàwó mi, Mojísọ́lá, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Oju-Ore. Ó ń rán aṣọ akọrin àti gáùn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ iṣẹ́ sì kún ọ̀dọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù lórí máṣíìnì. Èmi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Sango. Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí mo pẹ́ kí n tó rí ìwé kà.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ tó wà lórí àga ni kò wọlé padà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, tí wọ́n sì ti ki owó orí tuntun bọ inú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ti télọ̀ àti ti wẹ́dà, yóò máa san tirẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n tún fẹ́ gbé gbígba owó náà fún kọngílá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn tó ń bọ̀ kò fi ní lè yí i padà.

Mojísọ́lá wo àwọn máṣíìnì rẹ̀. "Bí èyí bá di òfin, ìdajì àwọn ọmọ yìí ni n óò ní kó máa lọ sílé. Wọn ò sì tíì gba fírídọ̀mù."

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Ràímì, olórí àwọn wẹ́dà. Mo ní kí a ti géètì sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ pa, bí a ti máa ń ṣe ní ilé iṣẹ́. Jìnádù, wẹ́dà kan tí ara rẹ̀ ń gbóná, ní táyà ni kí a sun.

Àlàájì ní, "Jìnádù, ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná. Ìwọ ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ jù sínú ọkọ̀. Ta ló máa wá bá mi parí géètì ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀ yìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá ní, "Ẹ ò rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú? Gbogbo wọn ló jó lọ síwájú. Wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́ pé àwọn parí sáà àwọn láyọ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Ẹni tó ti dúpẹ́ ìparí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ dáwọ́ lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn."

"Ká kí wọn báwo?" ni mo bi í.

"Ká kí wọn kú ìparí iṣẹ́ ni, Bàbá Démiládé."

Àlàájì pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó yín yìí le o!"

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a wọ aṣọ tó dáa, a gbé kéèsì mínírà àti búrẹ́dì dání, a sì forin ọpẹ́ sẹ́nu.

"Una get permit?" ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi wá.

"Láti kí èèyàn?" ni Àlàájì dáhùn. Ó fún un ní búrẹ́dì kan, a sì wọlé.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ti jókòó. Àlàájì tẹrí ba. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. A gbọ́ pé ẹ ti ṣe ìdúpẹ́. Ẹ ò ní bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbí."

"Àmín!"

"Ẹrù tí ẹ ò ní bá wa rù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ dì í lé wa lórí."

Àmín yẹn kò jáde dáadáa. Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Kò ròkè o! Ẹ tún un ṣe!" Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn.

Olórí àwọn káńsẹ́lọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn lẹ dìbò yàn wá. Ṣé ká wá káwọ́ gbera? Ta ló máa sanwó oṣù nọ́ọ̀sì, àti ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ọjà?"

Òótọ́ ló sọ. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo dìde. "Ẹ fọwọ́ sí ìyẹn, sà. Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó orí tuntun, ẹni tí a óò rí bá wí lọ́dún tó ń bọ̀ ni kó bù ú lé wa. Bó bá wọ̀ wá lọ́rùn, ilé ta ni ká gbà lọ?"

Káńsẹ́lọ̀ obìnrin kan ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi ti ṣe àmín. Mi ò bá wọn fọwọ́ sí i mọ́." Wọ́n forí korí pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí owó oṣù, wọ́n sì fi owó orí ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ kọngílá sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.

Mojísọ́lá ṣí mínírà fún olórí wọn, ó gbà á, ó mu ún. Nígbà tí a jáde síta, ìyàwó mi di apá mi mú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan tó padà sílé nítorí owó orí yẹn. Gbogbo wọn ló gba fírídọ̀mù. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Oju-Ore wà nínú ètò ìṣúná kan náà, wọ́n sì dá òun náà dúró. Òjò ọdún yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Èyí tí a kò tíì rí gbà ni òfin fúnra rẹ̀: pé ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ di owó orí tuntun lé ìlú lórí. Ìtìjú la fi ṣẹ́gun, ìtìjú kì í sì í ṣe òfin. Ẹlòmíràn lè dé tí kò ní tijú.

Ọ̀kan nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ tuntun mú ọ̀rọ̀ owó orí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mojísọ́lá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ń wọn aṣọ fún oníbàárà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó, káńsẹ́lọ̀. Àwọn kan ṣì wà níwájú yín."

Ọkùnrin náà wo bẹ́ǹṣì, ó wo àwọn obìnrin tó wà lórí rẹ̀. Ìbò ṣì ń bọ̀ níwájú. Ó jókòó, ó sì dúró títí ó fi kàn án.