Igi Jákáránda Tí Mo Yá

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ojú igi jákáránda kan ni mo mọ̀ jù ní Johannesburg. Mo ń kọ́ni ní yunifásítì ní Auckland Park, mo sì háyà ilé àtijọ́ kan ní Bertrams. Ìyàwó àti ọmọ mi ṣì wà nílùú wa, wọ́n ń retí físà. Ọ̀sán Sátidé ló máa ń le jù. Tí mo bá ti fọ abọ́ kan ṣoṣo tán, kò tún sẹ́ni tí màá bá sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, ará Japan, tó ń kọ́ èèyàn ní ọgbà ṣíṣe. Mo rò pé odi gíga ló máa ní ká kọ́kọ́ mọ, bí a ti ń ṣe nílé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ọgbà kékeré máa ń yá ìran ni: kéèyàn gbin ewéko tó máa bo ògiri aládùúgbò, kó máa gé orí rẹ̀, kí òkè tàbí igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè yọ bíi pé inú ọgbà tiwa ló ti hù.

Jákáránda baba àgbàlagbà kan, tí ilé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí tèmi, ni mo yá. Nígbà tó tanná, mo fi han ọmọ mi lórí fóònù.

"Dádì, ṣé igi wa nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò kí baba náà rí o. Nílé wa, àlejò là ń kí káàbọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án, kò wá kí mi. Mo ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ládùúgbò yìí. Èmi ọ̀mọ̀wé rèé o.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ariwo ẹ̀rọ ìgégi ló jí mi. Kí n tó wọ bàtà, igi ti wó. Mo sáré lọ bá baba náà. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àga kejì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Baba, ẹ ti gé igi mi!"

Ó ní, "Eish. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fọ́ páìpù mi. Níbi tí wọ́n bí mi sí, àlejò ló ń wá kí onílé, mo sì ti ń retí rẹ. Ká ní mo mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ó, páìpù ni ǹ bá sún."

Èmi tí mi ò jẹ́ yá abẹ́rẹ́ láì tọrọ, mo yá odidi igi láì sọ fún olóhun. Nígbà tí ọmọ mi dé, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ sá lọ. Ó ń wá igi wa.

Láti ìgbà náà, kí n tó tú ẹrù níbi tuntun, màá ti kan ilẹ̀kùn aládùúgbò ọ̀tún àti òsì. Síbẹ̀, tí jákáránda bá ti tanná káàkiri ìlú, àga tó ṣófo yẹn ni mo máa ń rántí.