Irun Tó Ga Ju Fìlà Lọ

Bí òṣèré obìnrin kan bá pààrọ̀ irun lónìí, yálà ní Èkó ni o tàbí ní Amẹ́ríkà, èmi á ti rí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tá a jọ wà ní ọ́fíìsì sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fáìlì ò ká mi lára tó irun orí ẹni ẹlẹ́ni. Wọn ò parọ́. Ojú gbajúmọ̀ ni àwọn èèyàn ń wò nínú fọ́tò. Èmi a fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí n ó fi rí ìlà tí wọ́n fi pín irun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irun rẹ̀ ni tàbí wíìgì, iye ọ̀nà tí wọ́n là á sí, àti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Orí ara mi ni mo fi kọ́ irun kíkó, dígí kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, títí apá mi méjèèjì á fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, òṣèré aláwọ̀ dúdú kan jáde níbi ayẹyẹ kan lókè òkun. Wọ́n ti fi òwú dúdú wé irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sókè bí ilé alájà. Àwọn tó ń kọ ìròyìn ẹwà sórí fóònù kígbe pé àrà tuntun dé, wọ́n ní irú rẹ̀ ò sí rí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Onílé gogoro ni! Àwọn ìyá wa ti kó o lọ sílé ìwé. Mo ka àwọn ìdì tó hàn nínú fọ́tò náà, méjìdínlógún ni. Mo wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń ta òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ wo ọjà yín lórí gbajúmọ̀."

N ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi pè mí.

"Ìyàwó, ṣé o lè ṣe irun yìí?"

"Fún ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Fún ọkọ rẹ!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ara rẹ̀ sí mi, torí pé ilé wọn ló gbé mi níyàwó. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àádọ́ta ọdún mi ń bọ̀. Fọ́tò kan péré ni mo fẹ́ yà tí irun orí mi gan-an máa hàn."

Ìgbà tí mo dé ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sì bọ́ wíìgì. Ọdún mẹ́fà ni n ò ti rí i láìsí i lórí. Rílásà ló jó o níwájú, dídì tó le jù sì fa ìyókù tu. Àárín orí rẹ̀ kún, irun ibẹ̀ dúdú, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n láti iwájú orí dé ẹ̀bátí méjèèjì, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ tuntun ló wà níbẹ̀.

"Má kàn dúró síbẹ̀," ó ní. "Ṣé ó ti kọjá àtúnṣe ni?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ tèmi."

"Èmi kí n máa gbọ́ tìyàwó! Ayé ti dojú rú."

Mo sọ fún un pé fún oṣù méjì, kò gbọ́dọ̀ dé wíìgì nínú ilé. Kó máa fọ irun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó fi òrí pa á, pàápàá níbi ṣóńṣó, torí ibẹ̀ ló máa ń gbẹ jù. Lọ́jọ́ tí mo bá sì fẹ́ kó o, mi ò ní fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì gbáko.

"Kí gbogbo ayé lè rí i pé mo pá?"

"Kí ẹ má baà fa èyí tó ń hù tu."

Ó gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó rí ohun tí mo kó jáde nínú báàgì, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ìyàwó wa o, ó ru òwú wá fún olówùú!"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń tà ń dán, ẹ̀gbọ́n mi. Òwú tó bá ń dán máa ń yọ̀ lórí irun. Kéèyàn tó lè mú un dúró, á fà á le jù."

"Ogún ọdún ni mo ti ń tà á, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi rí." Ó ti ìjókòó sún mọ́ ojú fèrèsé.

Ọ̀nà méjìdínlógún ni mo là á sí. Ìpàkọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí irun ti lágbára jù, mo sì ń bi í lórí ìdì kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé ó ń fà yín?" Bó bá ti ní ó ń fà, mo tú u. Mẹ́ta ni mo tú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ sókè, mo so ó, mo gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ títí.

"Ìyá mi rèé," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló lọ mú aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì àti fìlà rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, obìnrin kì í sì í wọlé ìsìn níbẹ̀ láìbo orí. Ó gbé fìlà náà lé orí. Fìlà dúró lókè irun bí àdàbà tó bà lórí òpó.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wù ló ń dé fìlà. N ò tilẹ̀ ronú kàn án. Òun tó sì ti ń dé e láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò ronú kàn án. Oṣù méjì la fi ń wo fọ́tò òṣèré yẹn, òṣèré ò sì dé fìlà.

"Ìwọ tó o mọ irun gbogbo ayé, o ò rántí fìlà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín ló ń dé e, kì í ṣe orí mi!"

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tètè gé. Ó na ọwọ́ sí wíìgì lára ìṣó. "Tú u. Bóyá Ọlọ́run gan-an ló fẹ́ kí n máa bò ó."

Mo mọ̀ pé bó bá dé wíìgì yẹn lọ sí ìdúpẹ́, wíìgì náà ló máa hàn nínú fọ́tò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Irun tí wọ́n bá fi òwú wé dà bíi wáyà rírọ̀: ibi tó o bá tẹ̀ ẹ́ sí ló ń dúró sí. Mo tú ibi tí mo so lókè. Mo fi ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà fà, mo tẹ ìyókù, mo sì ká wọn yí orí rẹ̀ po bí òṣùká. Fìlà wọlé wẹ́rẹ́, ó dé etí.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó jó, ó kọrin, èmi ò gbójú kúrò lára fìlà. Kò yẹ̀. Nígbà tá a padà sílé, ayàwòrán ti ta aṣọ sára ògiri nínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó lórí àpótí, ó bọ́ fìlà lójú gbogbo àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀, mo sì ń gbé àwọn ìdì náà dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá, ṣé ẹ ò fi irun kún un ṣá?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Fà á wò. Ṣùgbọ́n rọra o, ìyàwó mi ò gbà kí wọ́n fà á."

"Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́?"

N ò tíì lanu tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi dáhùn. "Òun ló kọ́ ara rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa." Orí mi wú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ so ìdì kan mọ́ ìka mi.

Ayàwòrán ya fọ́tò mẹ́ta, ó sì gbé kámẹ́rà wá fún un kó wò ó. "Ẹ má dààmú, mà. Mo máa fi kọ̀ǹpútà dí iwájú orí yìí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Èyí tó ń hù lo fẹ́ kùn yẹn," ó ní. "Bó o bá dí i, kí ni mo máa fi wo bó ṣe gùn sí lọ́dún tó ń bọ̀? Bó ṣe wà yẹn ni kó o tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó tóbi o! Ìsọ̀ mi l'Ákẹ̀sán ni mo ń gbé e lọ."