Aṣọ Ìnura Tí Mo Fi Sínú Àpò Irinṣẹ́

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rò pé ìwà ló burú lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Lọ́dún kan, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní kí n rán ẹ̀wù kan wá, káwọn fi mọ̀ bóyá àwọn á gbà mí síṣẹ́. Mo rán an. Wọ́n ní kí n máa retí àwọn. Kò pé oṣù kan tí mo fi rí ẹ̀wù mi, tọrùntọrùn bí mo ṣe fọgbọ́n gé e, lára ère mẹ́ta tí wọ́n wọṣọ fún lójú fèrèsé wọn. Látọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun fẹ́ dán ọwọ́ èèyàn wò, ara á ti máa fu mí.

Ọkọ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe, àwọn ńláńlá ti ilé-iṣẹ́, kì í ṣe kékeré tèmi yìí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣe é lójú kan kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Oṣù mọ́kànlá ló sì fi wà nílé. Á tú máṣíìnì mi tí kò ṣe nǹkan kan, á nù ún, á tún un tò, á ní òun kàn ń wò ó ni. Èmi á dákẹ́, iṣẹ́ oníbàárà á dúró. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ilé-iṣẹ́ kan péré ló sì kù tó ń lo irú máṣíìnì tó mọ̀. Bí wọn ò bá gbà á níbẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, inú mi dùn títí mo fi kà á dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kó mú irinṣẹ́ rẹ̀ dání.

"Bàbá wọn," mo ní, "ṣé wọ́n máa ń pe èèyàn wá jẹun, kí wọ́n tún ní kó gbé ọbẹ̀ tiẹ̀ dání?"

"Wọ́n fẹ́ rí bí mo ṣe ń ṣe é ni, ìyá wọn."

"Hẹn-ẹn. Tí wọ́n bá wá rí i tán ńkọ́?"

Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi: bí máṣíìnì bá ń rán kan tó ń fo kan, tí gbogbo èèyàn ti tún un títí tó sú wọn, á di ojú, á máa rọra fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wá fi ìka kan ṣoṣo wá ibi tó ti ń fà. Èmi gbà pé kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ká aṣọ ìnura kékeré kan sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Tó bá ti kan ibi ìka yẹn, ẹ fi bo ọwọ́ yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀sán ló padà dé. Ó ní máṣíìnì kan tó ń fò ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Ọ̀gá obìnrin kan tó wo awò jókòó, ọkùnrin kan ń fi fóònù ya fídíò, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ iṣẹ́ wọn ṣì ń dán, ìwé àti bírò lọ́wọ́ wọn.

"Mẹ́fà?" mo ní. "Kí lèèyàn mẹ́fà ń wá níbi ìntáfíù ẹnì kan?"

"Ohun tó jẹ́ kára fu mí nìyẹn. Obìnrin yẹn ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo kọ̀yìn sí wọn, mo ta aṣọ ìnura bo ọwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń rán geere. Obìnrin yẹn bi mí pé kí ni mo ṣe fún un. Mo ní mo tún un ṣe ni. Ó bá pa fáìlì rẹ̀ dé."

Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Àfi bíi pé èmi gan-an ni mo borí wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò pè. Ọkọ mi á gbé fóònù, á wò ó bóyá ó ti kú, á tún gbé e sílẹ̀. Mo ní ṣé ó rí i báyìí, olè ni wọ́n, wọn ò rí nǹkan jí ni wọ́n ṣe dákẹ́. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo sọ ọ́ lálẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Asọ̀rọ̀mágbèsì yà sílé wa. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ àtijọ́. Orúkọ rédíò ni wọ́n sọ ọ́, torí bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ráyè fèsì. Ọwọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ò tó ìdajì tọkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbà mí síbi tẹ́ ẹ lọ yẹn."

"Ìwọ?" mo ní. "O tún máṣíìnì yẹn ṣe?"

"Èmi kẹ̀? Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo kàn ń sọ fún wọn ni: ibí ni mo tú, ohun tí mo rò rèé, ibí yìí ò yé mi. Àwọn mẹ́fà yẹn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó máa kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Fídíò yẹn, àwọn tó wà ní ẹ̀ka kejì ni wọ́n yà á fún." Ó yíjú sọ́kọ mi. "Ọ̀gá wa ní ẹnì kan wá tó tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmọ́ ó faṣọ bo ọwọ́. Mo ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún méjì kọ́ mi lọ́gbọ́n ìka yẹn, tórí mi ò gbà á? Ẹ̀yin kọ́ o, àbí?"

Ọkọ mi ò wo ojú mi. "Ọwọ́ mi ló ń làágùn," ó ní.

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo ní, "Irọ́ ni. Èmi ni mo fi aṣọ yẹn sápò rẹ̀. Èmi ni mo ní kó bò ó."

Ọkọ mi dìde, ó lọ sídìí máṣíìnì mi, ó ká aṣọ ìnura yẹn, tí mo ti fi bò ó látọjọ́ ìntáfíù, kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa àga súnmọ́ òun.

"Di ojú ẹ," ó ní. "Pa ẹnu dé lónìí nìkan. Mú ìka ẹ wá. Tó o bá mọ̀ ọ́n báyìí, wàá fi kọ́ àwọn mẹ́fà yẹn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn témi fúnra mi máa rí i. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé, mi ò sọ fún un rí pé kó fi hàn mí.