Iyọ̀ Tí Mosún Kò Jẹ

Òórùn ẹja yòyò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu iyọ̀ sí, tí wọ́n sá sórí ẹní létí òkun, òun ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà náà, kò tíì sí ọ̀nà ńlá tó gba Ajah kọjá lọ sí Awoyaya. Iyanrìn, igi àgbọn àti ilé onímàrìwò wa ló wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí bí iyanrìn yẹn ṣe máa ń jó ẹsẹ̀ tó bá di ọ̀sán.

Àbúrò mi, Mosún, ló máa ń ṣọ́ ẹja yẹn. Àfín ni. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sílé ìwé, àmọ́ kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó. Tíṣà ní olóríkunkun ni, bàbá wa sì mú un kúrò. Ìyá mi wá fún un ní ọ̀pá kan kó máa fi lé ewúrẹ́ àti ẹyẹ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, inú oòrùn ló wà. Kì í ṣe pé ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o. Wọ́n gbà pé tó bá pẹ́, oòrùn á sọ ọ́ di dúdú bíi tiwa. Bí ara bá ń ta á, wọ́n á fi òróró àgbọn pa á lára, wọ́n á ní, "Díẹ̀díẹ̀ loòrùn fi ń gbẹ ẹja. Fara dà á."

Mosún ní ẹnu. Táwọn ọmọ apẹja bá ń kọjá, tí wọ́n ń pè é ní Òyìnbó Ẹlẹ́ja, á na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn: "Ẹ mówó orí yín wá, òyìnbó ń dúró." Àwọn gan-an á bú sẹ́rìn-ín.

Iyọ̀ nìkan ni gbogbo ilé ń ṣọ́ fún un. Wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀, pé òun ló ń mú kí ara wọn so àmì. Ìkòkò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Èmi ni ìyá mi fi ṣọ́ ọ. Mo máa ń rí i pé ó fọwọ́ mọ́ tónítóní kó tó jẹun, kí iyọ̀ ara ẹja má baà bá a wọ ẹnu. Inú mi máa ń dùn pé wọ́n fọkàn tán mi.

Nígbà tó yá, àmì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú rẹ̀, lọ́rùn, léjìká, tótòtó bíi ti ẹyin awó. Ìyá mi mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló ń fún ọ níyọ̀?"

"Mi ò jẹ iyọ̀, Màámi. Mi ò tiẹ̀ mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu."

"Ara kì í purọ́, Mosún."

Mo ní kò jẹ ẹ́ lóòótọ́, pé ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Ìyá mi ò bínú. Wọ́n ní ojú ọmọdé tó nǹkan-án rí, kò tó o-ó mọ̀. Wọ́n gbé iyọ̀ sórí àjà. Nígbà tó ṣe, tí gbogbo ilé ń wo Mosún bí olè, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ó ń lá a nígbà tí mo bá sùn.

Egbò kan yọ létí rẹ̀, kò jiná. A fi ewé sí i, a fi òróró sí i. Kí wọ́n tó gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí ọsibítù l'Ékòó, ó ti ràn dé ọrùn. Àwọn dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Àwọn èèyàn wa wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́wọ́ iyọ̀ náà, bóyá ara á yá. Ó ń sọ pé òun ò jẹ ẹ́ títí ohùn fi wọlé. Kò tíì tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ nígbà tó kú.

Ọmọ ọmọ mi, Ìní, àfín lòun náà. Nígbà tí wọ́n bí i, mo ti ń wá ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní Lẹ́kkí. Ọmọbìnrin ni dókítà náà, ó sì ní sùúrù. Ó ní ohun tíntìntín tí ojú lásán ò rí ló para pọ̀ di ara wa, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Bí èyí tó gbó ṣe ń kú, òmíràn ń pín sí méjì láti rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ìgbà tó yẹ kó pín, àti ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Oòrùn lè ba àṣẹ yẹn jẹ́. Dúdú ara wa ló ń ṣíji bò ó. Àfín ò ní in tó. Tí àṣẹ bá ti bàjẹ́ nínú ọ̀kan, á máa pín ṣáá, àwọn tó bá ti ara rẹ̀ jáde á jogún ìbàjẹ́ náà. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní jíjẹ́ àfín fúnra rẹ̀, àjogúnbá ni: ó wà nípamọ́ lára bàbá, ó wà nípamọ́ lára ìyá, kó tó pàdé lára ọmọ. Mo ní, iyọ̀ ńkọ́?

"Iyọ̀ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, Màmá. Oòrùn ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ.

Ìní ti ń lọ sílé ìwé báyìí, pẹ̀lú fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, iwájú pátákó ló ń jókòó. Inú ìkòkò kan náà la ti ń bu ọbẹ̀.

Ohun tí èmi ọmọdé fi ojú ara mi rí, tí mo sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni. Mo ní láti darúgbó kí n tó padà gbà á gbọ́. Mo pe àwọn tó kù nínú ẹbí lórí fóònù, mo ní Mosún ò purọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Òun àti ìyá mi ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ibi tí a sin wọ́n sí ti di ẹ́sítéètì, ògiri yí i ká. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì kí mi dáadáa, ó ní ta ni Màmá wá rí, kí òun bá wọn pè é.

Mo ní kò sí, mo bá yí padà.