Tẹ̀sùbáà Aneesah

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni eré káàdì, kó wá jókòó ti Aneesah wò. Híjáàbù ló ń rán ní Mushin láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kírun Àílà tán ní Sátidé, ó di yàrá òkè kan ní Yaba, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi káàdì jagun. Ayé mìíràn nibẹ̀ jẹ́ fún un. Ejò abìyẹ́ tí wọ́n yà sórí káàdì á máa mí lójú rẹ̀, ariwo ọjà ìsàlẹ̀ á sì jìnnà réré.

Ìṣirò ibẹ̀ ló ń da orí rú. Ogún ẹ̀mí ni oníkálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ejò lù ọ́, ẹ̀mí mẹ́ta lọ, oró rẹ̀ á sì tún máa jẹ ẹ̀mí kan ní gbogbo ìgbà tó bá kàn ọ́. Igbó tó o gbìn á dá ọ̀kan padà bí ọ̀tá bá fa káàdì. Asà á gba ìdajì ìyà, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo. Háà! Ta ló fẹ́ rántí ìyẹn? Àgbàlagbà á máa jiyàn, itọ́ á máa ta. Aneesah nìkan ni kì í jiyàn. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ á wà lórí itan, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ẹ̀mí kan: bí wọ́n bá lù ú, á ti ìlẹ̀kẹ̀ síwájú, bó bá rí ẹ̀mí gbà, á fà á mọ́ra. Ohun tí tẹ̀sùbáà yẹn bá ti sọ, abẹ gé e. Kò sẹ́ni tó tún ń kọ iye ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú ẹgbẹ́ níbi ìdíje ní Accra. Aneesah ò kúrò l'Ékòó rí láyé ẹ̀. Ó wù ú débi pé ó ti ń lá àlá etíkun ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akínọlá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nìkan ló kù níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi ejò lù ú: ẹ̀mí mẹ́ta lọ. Aneesah wo itan rẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò ku ẹyọ kan, káàdì tí yóò fi parí eré sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó fẹ́ ti ìlẹ̀kẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Yaa Latiifu. Yaa Latiifu."

Ó ti pẹ́ tó ti ń pe Olúwa láìmọ̀, ìka rẹ̀ sì ń fa ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ra bó ṣe máa ń ṣe lórí ẹní ìrun. Èwo ni ẹ̀mí nínú mẹ́rin yìí? Èwo ni àdúrà?

Kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe náà. Ó wò títí, omi òkun Accra ń ṣàn lójú rẹ̀, ó dùn ún dọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ iye ẹ̀mí tó kù fún mi mọ́. Àdúrà ti dà pọ̀ mọ́ ọn."

Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá dàrú ti pàdánù, òfin wọn nìyẹn. Akínọlá ò yọ̀. Ó rọra kó káàdì rẹ̀ lélẹ̀.

"Aneesah, kí lo tiẹ̀ ń tọrọ?"

Ó fi etí híjáàbù nu ojú.

"Pé kí n má ṣì í kà ni, sà."