Eṣinṣin Tó Kù Nínú Ìgò Kẹrìndínlógún

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó gba ìwé mẹ́wàá. Ìwé yẹn ló gbé mi dé yàrá ìwádìí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Eṣinṣin ni mò ń tọ́jú níbẹ̀, àwọn kéékèèké tí ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ọ̀yọ́ nilé wa. Yàrá kan ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ni mò ń sùn sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi.

Ara máa ń to àwọn èròjà tó ń di purotéènì fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ṣì wọ́n tò nígbà mìíràn. Ọ̀gá mi ní irú eṣinṣin kan tí ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í tò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Èmi ń se oúnjẹ wọn, mò ń pààrọ̀ ìgò wọn, mo sì ń kọ òkú wọn sílẹ̀. Èyí tó bá fò jáde lọ́wọ́ mi, àyè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ìwé: "Ó sá lọ." A kò mọ ọjọ́ tí irú ìyẹn kú.

Eṣinṣin ni mò ń kà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí láti Ọ̀yọ́ pé ìyàwó mi ti kú.

A sin ín. Àwọn èèyàn ń kí mi kú ará fẹ́ra kù, mò ń dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ wa ló ń sọ fún àlejò pé ó kú. Èmi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà síṣẹ́, abo kan ṣoṣo ló kù nínú ìgò kẹrìndínlógún, ìyẹ́ rẹ̀ ti ya. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a lórí oúnjẹ. Mo mi ìgò, kò mira. Mo kọ ọ́ pé ó sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi ṣí ìwé.

"Bàbá, arúgbó tí kò lè fò yìí náà ló sá mọ́ yín lọ́wọ́? Àbí ó wọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni?"

"Kò sá, mà. Ó kú lánàá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ tó kú gan-an ni mò ń wá, Bàbá."

"Mo mọ̀, mà. Mi ò lè kọ ọ́ ni."

Ó yẹ àwọn ojú ìwé tó ṣáájú wò. "Ṣé òmíràn wà tí ẹ kọ bẹ́ẹ̀?"

"Èyí nìkan ni."

"Ṣé kí n bá yín tún un kọ?"

Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo fa ìlà sórí èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Mo kọ "ó kú" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi dúró tì mí títí mo fi parí.