Ọwọ́ Tó Ń Wọn Omi Ìwúkàrà

Omi gbígbóná janjan ni olóògbé oníbúrẹ́dì dà sórí ìwúkàrà, ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun alààyè ni ìwúkàrà: omi gbígbóná a máa pa á, òtútù a sì máa mú un sùn. Wọ́n ti sọ fún un àìmọye ìgbà. Búrẹ́dì ọjọ́ náà le débi pé nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tó ń ra búrẹ́dì rẹ̀ fi há ìlẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa tì í.

"Ìyẹ̀fun yẹn ni ò dáa," ni bàbá wí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ra ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru fún un. Bàbá kàn án mọ́ ògiri, ó gbé fìlà rẹ̀ kọ́ sórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í bọ omi."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ti ọwọ́ yìí bọ ààrò. Ṣé gíláàsì ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́?"

Àṣìṣe rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ọ̀hún ló pa ọwọ́ náà. Láìlo àkísà ló ń yọ páànù búrẹ́dì nínú ààrò. Omi tó lè bó ẹlòmíràn lára, ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí kò mọ iná ló wá fi ń wọn omi!

Lọ́jọ́ òtútù kan, ó fi omi tútù po ìyẹ̀fun. Títí di ọ̀sán, kò wú. Bàbá dúró lé e lórí, ó ń bá a wí bí ọ̀lẹ ọmọ. Nígbà tó sú u, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó lọ jẹun. Kó tó dé, ìyẹ̀fun ti ti ìdérí ṣubú, ó ti bo bàtà tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Ó gbọ́ ìbáwí!"

Nígbà tó yá, ìyá olóúnjẹ ilé ìwòsàn wá fúnra rẹ̀. "Bàbá, bó bá tún le lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó máa rà á níbòmíràn." Bí àwọn yẹn bá sì lọ, ààrò bàbá kú nìyẹn.

Láti ọjọ́ kejì, búrẹ́dì ń wú dáadáa. Bàbá ń yan káàkiri àdúgbò: "Ọwọ́ mi rèé!"

Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ tó sọ̀rọ̀. "Àràárọ̀ ni bàbá máa ń ní kí n wá bá àwọn wá síbí tó bọ́ sínú omi. Kò sí síbí kankan níbẹ̀. Bí mo bá fa ọwọ́ yọ kíá, wọ́n á bu omi tútù sí i. Bí mo bá rọra ń wá a, wọ́n á da ìwúkàrà sí i. Wọn ò bi mí léèrè rí, èmi náà ò sì sọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ti ń ra búrẹ́dì báyìí. Ìgúnpá ló fi ń wọn omi, nítorí fìlà bàbá ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru.

Bàbá wà ní itẹ́ òkú ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.